Ọ̀gá ń gbé Peckham, òṣìṣẹ́ ń gbé Ìbàdàn: bí mo ṣe ń san owó oṣù láìrú òfin

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, àpótí gèlè wà lẹ́sẹ̀ mi, ni fóònù mi bá dún. Ọmọbìnrin tó ń bá mi dá àwọn oníbàárà lóhùn láti Bódìjà ló kọ̀wé: "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti lóyún oṣù márùn-ún. Ṣé màá ṣì bá iṣẹ́ mi nílẹ̀ tí mo bá bímọ tán?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń wọṣẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde, kọ̀ǹpútà tí mo rà fún un ló ń lò, kò sì ráyè iṣẹ́ ẹlòmíì rárá. Síbẹ̀, "agbaṣẹ́ṣe" ni mo ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó mi. Tí oṣù bá parí, màá fi owó ránṣẹ́, ó tán. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí owó orí, kò sí ìwé owó oṣù tó lè mú lọ sí báǹkì. N kò mọ èsì tí màá fún un. Ọkàn mi gbọgbẹ́, torí òun ni ìyà àìmọ̀kan mi ì bá jẹ, kì í ṣe èmi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò kékeré nílùú òyìnbó, tí ẹ sì ń gba èèyàn síṣẹ́ nílé.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ dì mú ni pé ibi tí òṣìṣẹ́ bá jókòó sí tó ti ń ṣiṣẹ́ ni òfin iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ibi tí owó ti ń wá kọ́. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tó sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò sí lára àwọn tí ẹ ń yọ owó orí lára owó oṣù wọn (PAYE) fún HMRC, àjọ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni owó orí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ń gbé gan-an ni kí ẹ wò o, ẹ má wo ohun tó ń pe ara rẹ̀. Mo ní ẹnì kan tó ń gbé Mowe, tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ará Èkó lòun. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mowe wà, Ògùn la sì ń san owó orí rẹ̀ fún, kì í ṣe LIRS, àjọ owó orí Èkó.

Ṣé agbaṣẹ́ṣe ni àbí òṣìṣẹ́?

Orúkọ tí ẹ bá kọ sínú ìwé kọ́ ló ń pinnu èyí. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà ka àwọn ohun tí adájọ́ máa ń wò: ṣé owó oṣù lẹ̀ ń san àbí owó iṣẹ́ tó bá ṣe, ta ló ra irinṣẹ́, ta ló ń sọ wákàtí iṣẹ́, ṣé ó lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì bá a ṣe. Ẹ gbé ọmọbìnrin Bódìjà yẹn sórí òṣùwọ̀n yìí, ẹ ó rí i pé òṣìṣẹ́ gidi ni látọjọ́ kìíní. Ti ayàwòrán tó ń ya fọ́tò aṣọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún yàtọ̀. Kámẹ́rà tirẹ̀ ló ń gbé wá, òun ló ń dá iye owó rẹ̀, ó sì ní oníbàárà tó pọ̀. Agbaṣẹ́ṣe nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ròyìn ohun tó pa fún ìjọba, kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ta ló máa jẹ́ agbanisíṣẹ́ lójú òfin?

Ilé iṣẹ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní London kò lè kàn dédé máa ṣòwò ní Nàìjíríà. Abala 78 nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, ní kó kọ́kọ́ di ilé iṣẹ́ Nàìjíríà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà tó mọ́ lójú mi. Èkíní, kí ẹ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó jẹ́ òun ló ń gba èèyàn síṣẹ́. Èkejì, kí ẹ lo àwọn tí wọ́n ń pè ní EOR. Ilé iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà nìyẹn: orúkọ tiwọn ló máa wà lórí ìwé àdéhùn, àwọn ló máa yọ owó orí tí wọ́n á sì san án, ẹ̀yin á máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ wọn lórí owó oṣù. Ọdún kìíní ni mo fi lo EOR. Nígbà tí òṣìṣẹ́ di mẹ́rin, owó tí mo ń san fún wọn ti pọ̀ ju owó oníṣirò kan ní Ìbàdàn lọ, ni mo bá lọ sí CAC. Tó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì lẹ ní, ẹ má tíì yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú CAC.

Ẹ kíyè sí èyí náà: bí ẹni yín tó wà nílé bá ń fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà lórúkọ ilé iṣẹ́ London, ìjọba Nàìjíríà lè sọ pé ilé iṣẹ́ yín ti fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn, kí wọ́n sì béèrè owó orí lórí èrè yín. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí gbogbo àdéhùn tèmi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ẹnì kan

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ìṣirò àtijọ́ ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má lò ó. Ẹ̀dínwó tí wọ́n máa ń yọ fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CRA, ti lọ. Ẹ̀dínwó owó ilé ló rọ́pò rẹ̀: ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí òṣìṣẹ́ san lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Torí náà, ẹ gba rísíìtì owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní ₦250,000 ni owó oṣù. ₦3,000,000 nìyẹn lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ jẹ́ ìdá 8 nínú 100, ìyẹn ₦20,000 lóṣù, ₦240,000 lọ́dún. Ó ń san ₦600,000 fún ilé lọ́dún, ẹ̀dínwó rẹ̀ á jẹ́ ₦120,000. Ẹ yọ méjèèjì kúrò, ó ku ₦2,640,000. Ìjọba kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦1,840,000 tó kù bọ́ sábẹ́ ìdá 15 nínú 100, torí ìpele yẹn dé ₦2,200,000 kó tó di ìdá 18. Owó orí ọdún jẹ́ ₦276,000. Ẹ pín in sí 12, ó jẹ́ ₦23,000 lóṣù.

₦207,000 ló máa wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ̀yin máa ná ju ₦250,000 lọ. Ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ sínú owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ₦25,000. NSITF, tó wà fún ẹni tó bá fara pa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́, jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ₦2,500. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦277,500. Iye yìí ni kí ẹ fi pinnu bóyá apá yín ká a, kí ẹ tó dá owó fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: a máa ń ṣèlérí iye kan, tí owó orí bá wá dé, a ó fẹ́ yọ ọ́ lára ohun tí òṣìṣẹ́ ti lérò pé òun máa mú lọ sílé. Nígbà tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ iye méjèèjì, ti kó tó di pé a yọ nǹkan àti ti ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Mẹ́rin péré ni tèmi, mo sì ń san án. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa yan PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tó bá wù ú. Tí òṣìṣẹ́ yín bá ti di márùn-ún, owó ITF, àjọ tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, náà á dé: ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù ọdún.

Ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé

Owó orí oṣù yìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó ń bọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tí ẹ san owó oṣù. Tó bá pẹ́, ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù. Ìròyìn gbogbo ohun tí ẹ san lọ́dún tó kọjá máa ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ọjọ́ 25 ni mo máa ń san owó oṣù, kí n lè ráyè mí. Ẹ tọ́jú gbogbo rísíìtì sínú fáìlì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìwé àdéhùn àti ìsinmi

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún yín ní oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti fi àdéhùn rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ìsinmi ọdọọdún tí òfin ní ó kéré tán jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 6 péré. Ó kéré jù lójú mi, 20 ni mo ń fún tèmi. Ti àìsàn lè dé ọjọ́ 12 pẹ̀lú owó. Ní ti ìkìlọ̀ kí ẹnì kan tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí di ọdún márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn ó di oṣù kan. Ẹ̀yin náà lè kọ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú àdéhùn.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Nígbà kan tíì dà sórí ọ̀kan, ẹnì kan sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é. Òfin kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ fi ìbínú ara rẹ̀ yọ owó oṣù. Ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tó kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀, tí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ fún ìjọba sì fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin Bódìjà. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi ìbímọ tí òfin fún un, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn. Níwọ̀n bó ti lé ní oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán ààbọ̀ owó oṣù ló tọ́ sí i. N kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé "gbélé ẹ" nígbà tó bá wà nínú ìsinmi náà. Tó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ní láti fi fún ọmọ lọ́mú. Odindi owó oṣù ni mo san fún un. Lẹ́yìn náà, èmi àti oníṣirò kan ní Ìbàdàn ṣírò owó orí gbogbo oṣù tí a ti jẹ sẹ́yìn, mo sì san án látinú àpò mi, torí èmi ni mo jẹ gbèsè náà. Ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún méjì kọjá báyìí. Ó ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́.

Náírà tàbí pọ́n-ùn?

Náírà ni kí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn, òun ni owó tí òfin mọ̀ fún owó iṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún un wò mọ́ ọn. Nígbà tí CBN tú okùn lọ́rùn náírà lóṣù Kẹfà 2023, pọ́n-ùn tèmi di púpọ̀ lójijì, owó oṣù wọn sì dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ gaàrí àti owó ọkọ̀ kò dúró dè wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń tún un wò báyìí, lóṣù Kìíní àti lóṣù Keje, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà gbà látọdún 2024. Òfin yẹn yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná pọ́n-ùn kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe àwáwí.

Bí òṣìṣẹ́ yín bá wá wà ní Kútọnu, ẹ tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí. Ọdún tó kọjá ni mo gba aránṣọ kan síbẹ̀. CNSS, àjọ ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ni wọ́n ń forúkọ òṣìṣẹ́ sí, 52,000 CFA ni owó oṣù tó kéré jù, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni ìsinmi tí òṣìṣẹ́ ń kó jọ lórí oṣù kọ̀ọ̀kan, èdè Faransé sì ni gbogbo ìwé. Yorùbá ni èmi àti aránṣọ náà ń bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ibẹ̀ ló kọ àdéhùn rẹ̀, a sì jọ kà á lórí fóònù, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kó tó fọwọ́ sí i.