Bí mo ṣe wá ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ṣe ń falẹ̀ ní London

Ẹ má tíì ra ráútà tuntun o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń pe màmá mi lórí fídíò ni wọ́n máa ń ní “ìwọ dà, mi ò rí ẹ mọ́”, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi sì ta kú pé WiFi ni.

Mo wá yọ WiFi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, mo fi wáyà so laptop mọ́ ráútà, mo pa gbogbo fóònù, mo ṣe speed test láàárọ̀, mo tún ṣe é lálẹ́, ọ̀kan náà ni. Mo tú skúrù méjì tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù, sọ́kẹ́ẹ̀tì míì wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà títì dé gangan. Mo ki ráútà bọ ibẹ̀, kò yàtọ̀. Wàhálà ọ̀hún ò sí nínú ilé mi rárá.

Faibà tí wọ́n ń pariwo yẹn, ìyẹn wáyà onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, inú àpótí aláwọ̀ ewé tó wà létí títì ló parí sí, láti ibẹ̀ dé ilé, wáyà kọ́pà tí wọ́n fà fún tẹlifóònù láyé ọjọ́un ni. Eré tí láìnì yìí lè sá ò lè kọjá 80 Mbps, upload, ìyẹn ohun tá a fi ń ránṣẹ́ síta bí àwòrán mi lórí fídíò, ò ju 20, bílé bá sì ṣe jìnnà sí àpótí tó ló máa ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ó dùn mí, torí ní Spéìn, láti 2009 làwọn aláṣẹ ti ní kí Telefónica, kọ́ńpìnnì tẹlifóònù ńlá ibẹ̀, jẹ́ káwọn kọ́ńpìnnì míì fa faibà gba inú páìpù tó ti wà nílẹ̀, lónìí nínú láìnì 100, ó lé ní 80 tó jẹ́ faibà, South Korea náà bẹ́ẹ̀. Jámánì olówó wá ńkọ́? Kọ́pà ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò.

Mo wá yẹ postcode mi wò, àṣé faibà tó ń wọlé tààrà ti dé àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Ẹnjiníà fà á látorí òpó, ó lu ihò kékeré sára ògiri, gíláàsì inú wáyà ọ̀hún tín-ín-rín bí irun orí, ó kan àpótí funfun kan mọ́ ògiri, a dúró títí iná PON ara ẹ̀, tó ń fi hàn pé faibà ti wọlé, fi di àwọ̀ ewé. Màmá mi ń rí mi kedere báyìí.

Oṣù January 2027 ni wọ́n fẹ́ pa láìnì tẹlifóònù àtijọ́ níbí. Tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà tó ní bọ́tìnnì pàjáwìrì lọ́rùn, ẹ tètè sọ fún kọ́ńpìnnì yín, torí kọ́pà máa ń gbé iná tiẹ̀ wá, faibà ò ní iná, tí NEPA ibí bá mú iná lọ, bọ́tìnnì yẹn ò ní lè pe ẹnikẹ́ni àyàfi tí wọ́n bá fún wọn ní bátìrì.