Ẹ Má Fi Àánú Ra Ẹranko Ààyè Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ẹni tó bá máa ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó á ti rí àwọn tó ń gbé ẹran ìgbẹ́ sókè han ọkọ̀: ọ̀yà, òkété, ẹtu yíyan. Nígbà mìíràn, èyí tí wọ́n gbé dání ṣì ń mí. Ibẹ̀ ni àwọn aláàánú ti máa ń ṣe àṣìṣe tó burú jù: wọ́n á sanwó, wọ́n á ní àwọn gba ẹranko náà sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á kò béèrè ìdí tí ẹ fi rà á. Oníbàárà ni yín lójú rẹ̀, á sì tún wọgbó lọ wá òmíràn. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀bọ ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pa ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó já a gbà láyà rẹ̀.

Ti akika ló dùn mí jù. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká jọ rógódó, á fi ìpẹ́ bo ojú àti ikùn mọ́lẹ̀. Ìyẹn lè gbà á lọ́wọ́ ẹkùn, ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn á kàn gbé e jù sápò ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó rà á lọ sílé á máa fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì, bẹ́ẹ̀ èèrà àti ikán ló ń jẹ, kò tilẹ̀ ní eyín. Kì í pẹ́ kú lọ́wọ́ wọn. Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, ti ka gbogbo oríṣi akika mọ́ èyí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ẹ má rà á, ẹ má sì ná an. Ẹ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó létí, tàbí kí ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹranko ìgbẹ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́.

Ẹ gun òkè Ìdànrè, ẹ rí ọ̀bọ, ẹ ya fọ́tò. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá kọ ibi tí ẹ ti rí i gan-an sórí WhatsApp? Ọdẹ náà ní fóònù o.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, pàkúté wáyà kì í mọ ọ̀yà yàtọ̀ sí ọmọ àgbọ̀nrín. Ẹ̀yin tó ń dáná sungbó lẹ́ẹ̀rùn nítorí òkété, kòkó aládùúgbò yín ló sábà máa ń bá a lọ. Ẹ má sì fi májèlé sẹ́ran nítorí ajá tó ń yọ oko lẹ́nu: igún tó bá jẹ òkú ajá yẹn, òun náà lè kú.