Ẹ̀yin tó ń dúnàádúrà Porsche 911 àlòkù

Ẹ má jẹ́ kí kìlómítà orí dáṣíbọọ̀dù nìkan sọ iye tí ẹ máa san. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé owó. Àwọn 996 àti 997 lásán (ìran 911 méjì nìyẹn) tó jáde títí di 2008 ní bíárìn kan, IMS, tó ń gbé ọ̀pá kan dúró nínú ẹ́ńjìnnì. Tí bíárìn yìí bá fọ́, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Turbo àti GT3, àwọn 911 alágbára ìgbà náà, kò ní wàhálà yìí, ìdí kan nìyẹn tí owó wọn kì í fi í já bọ̀rọ̀. Ẹ béèrè rìsíìtì bíárìn tuntun. Tí kò bá sí, kí mẹkáníìkì gé fílítà ọ́ìlì, kó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn: bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán níbẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

997 oníjíà ọwọ́ ńkọ́? Òun ni àwọn tó mọ mọ́tò ń wá jù. Ẹ fi kọ̀ǹpútà kà á; ó ń ka ìgbà tí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ààlà, ìpele 1 dé 6. Tí nọ́ńbà bá wà ní 4 sókè, ẹnì kan ti já jíà sí ibi tí kò yẹ. Ẹ gé owó dáadáa.

Mọ́tò tó ń sùn ní Lẹ́kkí tàbí Ajah, omíyalé lè ti dé inú rẹ̀ rí: ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Kí nọ́ńbà ṣásì bá ìwé aṣọ́bodè mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí i tà.