Ẹ Yé Fi Owó Ọmọ Ra Màlúù: Àṣìṣe Àwọn Òbí Tuntun

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbàdàn. Bí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ti súnmọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kì í pẹ́ kí n tó gbọ́: ọkọ á yọjú, á ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó.

1. Ẹ̀yáwó ìkómọ. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Lọ́dọ̀ wa, ìlọ́po méjì ohun tí èèyàn ti fi pamọ́ ló lè yá. Onígbọ̀wọ́ méjì á buwọ́ lù ú, a ó sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Bàbá ìkókó kan gba gbogbo ẹ̀ tán, ó ra màlúù, ó ta kánópì dí títì, ó gbé olórin wá. Ọmọ tí a ń torí ẹ̀ ṣe é ń sùn ní tiẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ọmọ ń gbóná, bàbá sáré padà wá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wá nǹkan sí i.” Níbo ni kí n ti wá a? Gbèsè màlúù ṣì wà nínú ìwé, àwọn onígbọ̀wọ́ ò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. (Èmi tí mò ń pariwo yìí náà di ẹran lọ sílé lọ́jọ́ náà o.) Iyọ̀, oyin, omi, obì, orógbó, ataare: abọ́ kan gba gbogbo ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ, kò sì sí àgbàlagbà tó máa ní òun ò ṣàdúrà nítorí pé kò sí olórin.

2. Sísanwó àjẹsára. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí ìjọba là sílẹ̀ ní ilé ìlera ìjọba àdúgbò yín: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà ti èéyi àti ibà pọ́njú ní oṣù 9.

3. Mílíìkì agolo fún ọmọ tí ọmú ìyá rẹ̀ ń ṣàn, tí dókítà ò sì ní kí wọ́n fún un. Ọmú nìkan tó fún oṣù 6!

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ wà lábẹ́ NHIA (ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀), ètò náà gba ọkọ, aya àti ọmọ 4 tí ò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n ìkókó ò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ forúkọ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìbí ti NPC (àjọ ìkànìyàn) náà, ẹ tètè lọ gbà á.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó oṣù ìyá. Òfin iṣẹ́ fún un ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, àmọ́ ààbọ̀ owó oṣù ló fi ṣe dandan, ìyẹn tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́jà ò tilẹ̀ ní ìyẹn: bí ó bá ti ti ìsọ̀ pa, owó ò wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, gbàrà tí oyún bá ti dúró, ẹ ní kí kíkó yín bọ́ sí oṣù tó tẹ̀lé ìbímọ. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣòro, nítorí oṣù Kejìlá ni gbogbo ayé ń jà sí.