Ìtọ̀ yín pọ́n tàbí ó dúdú? Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ti fọ́ ló wà nínú ẹ̀

Tí èèyàn bá tọ̀ tí ìtọ̀ náà pọ́n rokoṣo tàbí tó dúdú bíi kóòkì, orúkọ tí wọ́n máa fún un ní Ìkòròdú ńbí kì í pẹ́ jáde. Àwọn ọkùnrin á ní àtọ̀sí ni, ìyá àgbà á ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, alágbo tó wà lọ́nà Sábó á ti máa bu tiẹ̀ sínú ife kó tó béèrè pé ó ti tó ọjọ́ mélòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan tó lè sọ ìtọ̀ di pupa pọ̀, ìtọ́jú wọn ò sì jọra rárá. Èyí tí mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí táwọn dókítà ń pè ní haemoglobinuria, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ti fọ́ nínú iṣan, ohun pupa inú ẹ̀ ló wá ń bá ìtọ̀ jáde.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lò tó bí ọjọ́ 120 kó tó gbó, ara fúnra ẹ̀ ló máa ń kó èyí tó bá ti gbó kúrò nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àmọ́ tí púpọ̀ nínú wọn bá fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, haemoglobin tó wà nínú wọn, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, á tú jáde sínú omi ẹ̀jẹ̀. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ haptoglobin, òun ló máa ń so mọ́ haemoglobin tó bá tú jáde kó má bàa dé kíndìnrín, ṣùgbọ́n ó níye tí agbára ẹ̀ mọ, tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù ú lọ èyí tó kù á gba inú kíndìnrín kọjá bọ́ sínú ìtọ̀. Kíndìnrín ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ó lè bà á jẹ́.

Kí n tó sọ bẹ́ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ n ti èyí sọ ná: tí ìtọ̀ bá dúdú tí ẹni náà tún ń gbóná, tàbí ojú ẹ̀ pọ́n, tàbí ó funfun látẹnu dé àtẹ́lẹwọ́, tàbí ó ń mí gúlegúle, ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí ìtọ̀ ọ̀hún ti ń dínkù tí kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ẹ má ka èyí tó kù. Ẹ wá mọ́tò, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà, tó bá ṣe òru náà ẹ gbé e lọ. Ọmọ kékeré tàbí aláboyún, kí wọ́n má tiẹ̀ dúró dìgbà tí gbogbo ìyẹn bá pé.

Ẹni tára ẹ̀ ṣì le, ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ẹ rántí ohun tẹ́ẹ jẹ àti oògùn tẹ́ẹ lò láti àná tàbí ìjẹta. Beetroot máa ń sọ ìtọ̀ di pupa lára àwọn kan. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń jẹ́ kó pọ́n bí ọsàn, nọ́ọ̀sì tó fún yín á ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀ tí ò mu omi, ìtọ̀ tiẹ̀ á pọ́n yẹ́lò kíkì ni, tó bá mu omi á yí padà. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní lábù, ẹ má tijú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tọ̀ sínú ike tó mọ́ tó ṣeé wo inú ẹ̀, kẹ́ẹ fi bébà funfun sẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ odindi ló wà nínú ẹ̀, ó sábà máa ń rú, nǹkan pupa lè rọ̀ sísàlẹ̀ kí òkè sì mọ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ haemoglobin nìkan, nǹkan kan ò ní rọ̀ sísàlẹ̀, àwọ̀ á dọ́gba látòkè délẹ̀, ẹ sì máa rí òdìkejì ike náà. Ẹ kíyè sí ìgbà tí pupa náà ń jáde pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé ìparí ìtọ̀ ló ń pọ́n, pàápàá lára ọmọ tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí kò níyọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá àtọ̀sí ajá nínú ẹ̀, kòkòrò kan tó ń gbé nínú ìgbín odò ló ń fà á, praziquantel sì ni oògùn ẹ̀. Ìyẹn ẹ̀jẹ̀ odindi ni, kì í ṣe èyí tá à ń sọ. Gbogbo ohun tẹ́ẹ fojú rí nílé yìí, ẹ kàn fi sọ́kàn ni o, ẹ má fi ṣèdájọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni lábù, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tí wọ́n bá ki strip, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, bọ inú ìtọ̀ tó bá yí padà sí green, wọ́n á kọ "blood ++" sínú bébà, èèyàn á gbà á á máa lọlé. Strip yẹn ò mọ̀yàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ odindi sí haemoglobin, kò tún mọ̀yàtọ̀ àwọn méjèèjì sí myoglobin, ìyẹn èyí tó ń jáde látinú ẹran ara tó ti fọ́, bíi ti ẹni tí mọ́tò tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n lù bí ẹni lu bàrà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa sọ ọ́ di green. Torí náà ohun tẹ́ẹ máa béèrè ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wò ó nínú máíkírósíkópù? Ṣé ẹ rí sẹ́ẹ̀lì pupa?" Tí strip bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, tí máíkírósíkópù ò sì rí sẹ́ẹ̀lì pupa, tàbí tó rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ́ di haemoglobin tàbí myoglobin nìyẹn.

Bẹ́ẹ ṣe gba ìtọ̀ náà lè ba àyẹ̀wò jẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, ti àárín lẹ máa gbà sínú ike. Ike tí wọ́n fi bíléèṣì fọ̀ lè jẹ́ kí strip purọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí kò sí, Vitamin C tó pọ̀ lára sì lè jẹ́ kó purọ́ pé kò sí, torí náà ike tí lábù bá fún yín ni kẹ́ẹ lò. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀ pẹ̀lú. Tí ìtọ̀ bá pẹ́ ju wákàtí kan sí méjì lọ, sẹ́ẹ̀lì odindi tó wà nínú ẹ̀ lè fọ́ sínú ike yẹn gan-an, wọ́n á wá máa rò pé inú ara ló ti fọ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Bàyékù, ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa ṣe rí, ẹ kúkú mu omi díẹ̀ kẹ́ẹ dé lábù kẹ́ẹ tó tọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá yí ẹ̀jẹ̀ náà nínú ẹ̀rọ, tí omi òkè ẹ̀ bá pọ́n, a jẹ́ pé inú iṣan lẹ̀jẹ̀ ti ń fọ́. Tó bá mọ́ bó ṣe yẹ kó mọ́ nígbà tí ìtọ̀ sì pupa, ọkàn dókítà á lọ sí myoglobin. Wọ́n á wo PCV láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, wọ́n á wá kòkòrò ibà, wọ́n á wo creatinine láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè àyẹ̀wò G6PD, èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí màá ṣàlàyé láìpẹ́.

Ohun tó kàn ni kẹ́ẹ bá dókítà wá ìdí ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ibà àti G6PD tí kò tó ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ibà tó bá le gan-an lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ débi tí ìtọ̀ á fi dúdú, kìnínì tí wọ́n ń lò ségesège láyé àtijọ́ sì wà lára ohun tó máa ń dá a sílẹ̀. Kódà ẹni tó gba abẹ́rẹ́ artesunate tára ẹ̀ ti yá, tí ìtọ̀ ẹ̀ bá dúdú tàbí tó bá tún ń rẹ̀ ẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, kó padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn.

G6PD ní tiẹ̀, èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa ni, ẹni tí tiẹ̀ ò tó kò ní mọ̀ títí tó fi máa pàdé ohun tó lòdì sí i. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó yìí, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàrin àwa Yorùbá ni tiẹ̀ ò tó. Ó ní ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn nígbà yẹn, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é, fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD ẹ̀ ò tó. Tẹ́ni tí G6PD ẹ̀ ò tó bá lo àwọn oògùn bíi primaquine, dapsone tàbí nitrofurantoin, tàbí tó bá fa káfúrà símú, láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta ìtọ̀ lè yí padà. Ọ̀rọ̀ káfúrà yìí máa ń bí mi nínú. Ẹ ra aṣọ ọmọ tuntun sílẹ̀ látìgbà tí oyún wà nínú, ẹ da káfúrà sáàárín ẹ̀ kí aáyán má jẹ ẹ́, ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí ọmọ ẹ gbé aṣọ náà wọ̀ ọ́ tààrà látinú àpótí, ojú ọmọ wá ń pọ́n ẹ ń wá ẹni tó ṣe é. Ojú tó pọ́n jù lára ọmọ tuntun lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́. Ẹ kó káfúrà dà nù jàre, ẹ fọ gbogbo aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn kó tó kan ara ọmọ.

Àwọn ìdí yòókù ò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu tí wọ́n fà séèyàn lára: tí òtútù bá ń mú yín, tí ẹ̀yìn ń dùn yín nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn ejò kan náà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Àwọn sójà tó ń rìn jìnnà lè ní haemoglobinuria, láti 1881 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Jámánì, ẹsẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń fọwọ́ lu ìlù fún wákàtí púpọ̀, torí náà ẹ̀yin onílù àkúbà, tẹ́ẹ bá ṣeré mọ́jú tí ìtọ̀ àárọ̀ sì pọ́n, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà. PNH náà wà, àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ paroxysmal nocturnal haemoglobinuria ni, òun ṣọ̀wọ́n gan-an, ìtọ̀ òwúrọ̀ ló sábà máa ń dúdú jù, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ kó dì.

Tẹ́ẹ bá ń retí èsì, ẹ dá àgbo dúró, ẹ dá diclofenac àti ibuprofen dúró nítorí kíndìnrín, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tẹ́ẹ ti lò láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn tàbí kẹ́ẹ kó páálí wọn dání. Ẹ máa mu omi tí ìtọ̀ bá ṣì ń jáde dáadáa. Tí kò bá jáde mọ́, ẹ má fipá mu ún, ọsibítù ló kàn. Wọ́n lè fa omi sí yín lára, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín bá sì ti dákẹ́ wọ́n lè ní kẹ́ẹ lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ (dialysis) fúngbà díẹ̀.

Tára bá ti yá, ẹ padà lọ ṣe G6PD lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kódà tí ti àkọ́kọ́ bá ní kò séwu. Sẹ́ẹ̀lì tó gbó ló máa ń kọ́kọ́ fọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ́kù ní G6PD díẹ̀ lára, ìyẹn ló lè jẹ́ kí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lásìkò àìsàn dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Tó bá jáde pé kò tó, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọmọ, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín, kẹ́ẹ sì máa sọ ọ́ fún kẹ́mísìtì kó tó na oògùn kankan sí yín.