Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Káàdì Adójútòfò Ìlera Nílùú Ìbàdàn

Ìgbà tí ara yín le ni kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí a bá ti gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu la máa ń rántí adójútòfò, ìyẹn owó tí a jọ ń san sílẹ̀ de àìsàn, owó ọwọ́ nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ má fi wé èsúsú o. Nínú èsúsú, bó pẹ́ bó yá, owó yín á padà sọ́wọ́ yín. Èyí yàtọ̀: ẹni tó bá ṣàìsàn láàárín ọdún ni wọ́n ń ná an fún, ẹni tára rẹ̀ le kì í gba kọ́bọ̀ padà. Àwọn ìyá wa tó ń ta ata ní Bódìjà kì í fẹ́ gbọ́ ibí yìí rárá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá lágbára díẹ̀ á san owó ọdún fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA. Ẹni tí kò ní, ìjọba lè san tirẹ̀ látinú owó tí òfin ìlera ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100, nínú àpò ìjọba àpapọ̀. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí ìṣẹ́ ń bá fínra ni wọ́n ń fi síwájú níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó yẹ ló ń ráyè wọlé, nítorí náà ẹ tètè béèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè fi yín sórúkọ àwọn aláìní, ẹ sá fún un.

Ẹ mú nọ́ńbà NIN yín dání, kí ẹ rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá èyí tí ẹ fẹ́ kọ mu. “Mórẹ́nikẹ́” níbí, “Mary” lọ́hùn-ún, wàhálà ni.

Wọ́n á ní kí ẹ mú ilé ìwòsàn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn mú èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Ẹ jí lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ jókòó ti àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ bi wọ́n: ṣé wọ́n ń rí oògùn gbà àbí ìwé ni wọ́n ń kọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rà á níta? Ṣé nọ́ọ̀sì ń sùn síbẹ̀ lálẹ́? Ọmọ kì í dúró de ilẹ̀ mọ́ kó tó wáyé. Ẹ wo owó ọkọ̀ Máíkírà tí yóò gbé yín débẹ̀ pẹ̀lú.

Bí àìsàn bá dé, ilé ìwòsàn tí ẹ mú yẹn lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ má sáré gba ilé ìwòsàn ńlá UCH lọ fún ibà lásán. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, àwọn ni yóò kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n lè ní kí ẹ sanwó. Kí wọ́n tó gba owó kankan lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè bóyá ìtọ́jú náà wà lára ohun tí káàdì yín gbé.

Ẹni tó ń sanwó fúnra rẹ̀, ọdọọdún ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, níbi tí ẹ ń kọ ọjọ́ àjọ sí.