Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Ikọ̀ Rílè Họ́ọ̀lù Yín Sílẹ̀ fún Ìdíje

Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbàlejò ìdíje NUGA àkọ́kọ́, níbi tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ti ń figa gbága, ibi ìdíje láàárín họ́ọ̀lù, ìyẹn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ọgbà, sì ni ọ̀pọ̀ eléré ìje ti kọ́kọ́ máa ń fi ara hàn kí ọgbà wọn tó mú wọn lọ síbẹ̀. Yálà ọmọ Mellanby ni yín ní Ìbàdàn tàbí ọmọ Moremi ní Ifẹ̀, rílè, ìyẹn eré tí àwọn mẹ́rin ń sá ní mítà 100 ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, ni gbogbo èrò ń dúró wò. Ó ń dùn mí láti rí i pé àárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù ṣì ń ṣa àwọn mẹ́rin tó yára jù jọ, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀pá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni a ti ń jẹ eré yìí tàbí ti ń pàdánù rẹ̀.

Ẹ wá ọ̀pá ná. Ó gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30, kí ó sì ní ihò nínú. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ẹ lè yá, ẹ gé páìpù oníke tó kún ọwọ́, kí ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó tó fi kọ́ra. Ẹni tó máa ń tètè gbéra bí ìbọn bá dún ni kí ẹ fi ṣe ẹni kìíní. Òun àti ẹni kẹta ni yóò sá kọ́nà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni kí àwọn méjèèjì fi di ọ̀pá mú, kí wọ́n lè máa sá sún mọ́ ìlà inú. Ọwọ́ òsì ni ẹni kejì àti ẹni kẹrin yóò fi gbà á, kò sì sí ẹni tí yóò pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré.

Ibi tí òfin ti gbà kí ọ̀pá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn jẹ́ mítà 30 báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń fi mítà 20 àtijọ́ kọ́ni. Kí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá dúró níbi tí mítà 30 náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan bí 20 ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kejì, lọ sí ọ̀nà tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò gbà wá, kí ó sì ṣe àmì síbẹ̀. Lórí pápá koríko, ẹ lè fi bàtà ha ilẹ̀. Lórí tátánì, ìyẹn pápá tí a fi ohun bíi rọ́bà tẹ́, téèpù kan ṣoṣo ni òfin gbà, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tí kò sì gùn ju 40. Gbàrà tí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ àmì yìí, kí ẹni tó ń dúró fi gbogbo agbára gbéra, kí ó má sì wẹ̀yìn mọ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ kò bá lè bá a kí mítà 30 náà tó tán, àmì náà ti jìnnà jù, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tàbí méjì dín in kù. Bó bá sì ń sún mọ́ ọn débi pé ó fẹ́ gùn ún lẹ́yìn, ẹ fi kún un. Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe é, lẹ́yìn náà sísá díẹ̀díẹ̀, kí ó tó kan eré àsápajúdé, nítorí pé àmì tí ẹ bá fi eré jẹ́jẹ́ wọ̀n kò wúlò lọ́jọ́ ìdíje.

Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn títí tí ẹni tó ń bọ̀ yóò fi pè é. “Gbà!” ni gbogbo họ́ọ̀lù ń pè, ìlù àti orin àwọn alátìlẹ́yìn yóò sì ti gba pápá kan, nítorí náà ó rọrùn kí ẹni yín na ọwọ́ sí ohùn ẹni tó ń sáré nínú ìlà họ́ọ̀lù mìíràn. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kúkúrú tiyín, bí orúkọ ìnagijẹ ẹni tó fẹ́ gbà á, kí ẹ sì ní kí àwọn ará họ́ọ̀lù yín wá máa lùlù, kí wọ́n máa kọrin nígbà tí ẹ bá ń kọ́ra nírọ̀lẹ́, kí etí lè mọ̀ ọ́n láàárín ariwo.

Bí ọ̀pá bá já bọ́, ẹni tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú un. Ó lè jáde kúrò nínú ìlà rẹ̀ láti mú un bí kò bá dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, tí kò sì gé ọ̀nà kúrú. Ẹni tó ti fi ọ̀pá lélẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró sínú ìlà tirẹ̀ títí tí àwọn yòókù yóò fi kọjá, nítorí pé bó bá fi ayọ̀ rìn gba ìlà ẹlòmíràn, tó sì dí i lọ́wọ́, wọ́n lè yọ gbogbo ikọ̀ kúrò.